Kọ̀ǹpútà ní ògiri gbẹ, sítọ́ọ̀ sì ń hùkasì: ṣé fáìlì ojú ọjọ́ ló parọ́ fún mi?

ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi orí ara mi gbá ògiri ọ̀hún.

Ilé àlejò kékeré kan ni, alájà mẹ́ta, ní Ìkòròdú. Yàrá mẹ́jọ ló ní AC. Sítọ́ọ̀ kan wà ní àjà kejì tí kò ní AC, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, táwẹ́ẹ̀lì àti páálí ọṣẹ sí. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì íǹṣì ni gbogbo ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tinú tòde. Onílé ní kí n bá òun ṣírò iye iná tí AC ń jẹ, torí láti oṣù kẹrin 2024 tí owó iná Band A ti fò sókè ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Mo lo EnergyPlus, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ooru àti iná tí ilé ń jẹ, mo dáńlóòdù EPW ti Èkó, ìyẹn fáìlì ojú ọjọ́ tí ètò náà ń kà, mo ṣe é tán. Iye tí mo rí sún mọ́ bíìlì wọn dáadáa. Inú wọn dùn, wọ́n san owó mi.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, fóònù dún: "Ẹ̀ńjíníà, ẹ wá wo nǹkan o." Ògiri sítọ́ọ̀ tó bá yàrá kẹrin pààlà ti hùkasì. Ibi tí páálí fara tì dúdú bí ìdí ìkòkò, táwẹ́ẹ̀lì sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n sá síbi tí oòrùn ò dé. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo tan HAMT, apá kan nínú EnergyPlus, kó lè máa ṣírò ọ̀rinrin inú ògiri. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe ògiri kankan. Ọ̀rinrin yàrá kẹrin wà ní 58%, ó gbẹ, ó dáa.

Bíríkìlà wọn ní omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri. Ní àjà kejì! Onílé ní paípù ló ń jò, wọ́n ti fọ́ táìlì méjì ní báluwẹ̀, wọn ò rí omi kankan. Èmi ń rò ó pé fáìlì ojú ọjọ́ yẹn ni kò dáa. Ta ló mọ̀ ọ́n?

bíríkìlà_àgbà

Ẹ máa bú bíríkìlà lọ. Gbogbo ìgbà tí ilé bá ti rin, àwa náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní omi ilẹ̀ gun ògiri dé àjà kejì, mi ò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́.

Kí wọ́n tó fọ́ táìlì kẹta, ra náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara. Gé e kó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a tẹ́. Nu ojú ògiri gbẹ, fi tépù lẹ etí náílọ́ọ̀nù náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà láàárín náílọ́ọ̀nù àti ògiri, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ iwájú náílọ́ọ̀nù ló rin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, a jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Owó rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì.

ìyá_dátà

Ṣe ohun tí bàbá wí yẹn. Kó tó di pé èsì rẹ̀ jáde, àbúrò, mo fẹ́ kó o ṣí fáìlì yẹn fúnra rẹ nínú Excel. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi fáìlì ojú ọjọ́ ṣiṣẹ́ ni kò tíì là á wò rí.

Ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́, àkọlé ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà 8,760, ọ̀kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Kọ́lọ́ọ̀mù G ni ooru. H ni dew point, ìyẹn bí òtútù ṣe gbọ́dọ̀ tó kí afẹ́fẹ́ yẹn tó sẹ ìrì. I ni ìdá ọ̀rinrin nínú ọgọ́rùn-ún. N dé P ni oòrùn, U ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, V ni bó ṣe yára tó. Wá sún lọ sí AH, ibẹ̀ ló yẹ kí òjò wà. Sọ ohun tó o bá níbẹ̀ fún wa.

ọmọ_Ìkòròdú

Àǹtí, òdo ni látòkè délẹ̀! Ìkòròdú lódindi ọdún kan, ẹ̀kán òjò kan ò kán!

ìyá_dátà

Má pariwo. Báyìí ni ọ̀pọ̀ EPW rí. Àwọn mìíràn á fi 999 síbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni "a ò mọ̀", ẹni tí kò bá fura á sì kó o jọ bí ẹni pé mìlímítà 999 ló rọ̀ láàárín wákàtí kan. Mo mọ ẹnìkan tó fi irú rẹ̀ gbé iṣẹ́ wá síwájú wa. Ó rò pé Èkó ti rì.

Wo ibi tí irú fáìlì yìí ti ṣẹ̀. Ní 1978, ní Sandia, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti gbé ọgbọ́n ọdún àpẹẹrẹ kalẹ̀: wọ́n á kó ọ̀pọ̀ ọdún jọ, wọ́n á mú oṣù kìíní láti inú ọdún tí oṣù kìíní tirẹ̀ jọ ti gbogbo ọdún jù, oṣù kejì láti inú ọdún mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí méjìlá á fi pé, wọ́n á wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ooru, dew point, afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni wọ́n fi ń yan oṣù. Òjò ò sí lára rẹ̀. Oṣù tó bá sì ṣe àṣejù, wọ́n á fò ó, torí kò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Fún owó iná, ọdún àpẹẹrẹ dáa gan-an. AC kì í bínú, bó bá ṣiṣẹ́ jù lónìí tó sinmi lọ́la, bíìlì á bára mu. Ògiri kọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò gbẹ ti tó fún nǹkan dúdú láti hù, bí oṣù mọ́kànlá yòókù bá dáa kò ní fọ̀ ọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí ìlànà 160 ti ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ńjíníà AC ní Amẹ́ríkà, tó wà fún ọ̀rinrin, fi ní kí a lo ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ léra ó kéré tán, tàbí ọdún tí wọ́n dìídì yàn fún ọ̀rinrin torí pé ó le.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo rò pé ó ń ṣe sítọ́ọ̀ rẹ o. Mo ń dúró de náílọ́ọ̀nù.

ọmọ_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti London ni mo ti ń kọ ọ́, àtúnṣe ilé bíríkì àtijọ́ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rinrin sì ni mò ń jẹ ní àárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń kó lórí YouTube. Níbí, nínú oṣù kìíní, inú ilé ló gbóná, ooru ọbẹ̀ àti omi ìwẹ̀ kún ibẹ̀, ìta sì tutù. Ọ̀rinrin á máa wá ọ̀nà jáde gba inú ògiri lọ, òun la ṣe ń lẹ náílọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ inú kó má wọlé sí ògiri. Ní Èkó ó dorí kodò: ìta ló rin, inú yàrá ló tutù tó sì gbẹ. Ẹni tó bá gbé náílọ́ọ̀nù London lọ lẹ̀ mọ́ inú yàrá AC ní Lẹ́kí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rinrin níbi tó tutù jù lára ògiri. Wọ́ọ̀lùpépà oníròbà tí gbogbo yín ń lẹ̀ báyìí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Florida ti jìyà rẹ̀ tipẹ́: wọ́ọ̀lùpépà ń dán níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ọgbà olú.

Lórí fáìlì: WUFI, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọ̀rinrin inú ògiri, tí ilé ìwádìí Fraunhofer ṣe ní Holzkirchen ní Jámánì, máa ń béèrè òjò wákàtí-wákàtí pẹ̀lú afẹ́fẹ́, torí òjò tí afẹ́fẹ́ ò tì, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, kì í gbá ògiri. EnergyPlus kì í ṣírò iye òjò tó gbá ògiri bíi ti WUFI. Tó bá jẹ́ ògiri ìta ló rin, EPW rẹ yẹn ò lè sọ nǹkan kan fún ọ. Ògiri àárín ilé ni tìrẹ, òjò ò débẹ̀.

afọ̀dàkunlé

Mi ò mọ nǹkan kan nípa EPW, ọ̀dà ni mò ń kùn láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ bó ọ̀dà ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo kùn ní Ìbàdàn? Gbogbo ẹ̀ńjíníà ló ń sọ fún mi pé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá.

ìyá_dátà

Ẹ ṣeun gan-an fún ìbéèrè yìí, sà. Ẹ̀ńjíníà wọn ò parọ́, ẹ̀yin náà ò parọ́. Bí ẹ bá kó afẹ́fẹ́ gbogbo ọdún jọ, láti orí òkun, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n òjò oníjì tó ń wá ní àkọ́rọ̀ àti ní ìparí òjò, tó máa ń ṣú dùdù kó tó ya lu ìlú, láti ìlà oòrùn ló ń rìn bọ̀, ìjì tó ń ṣáájú rẹ̀ náà ń ti ibẹ̀ wá. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni òjò àti afẹ́fẹ́ líle ti pàdé. Ọ̀dà yín ti kà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣe WUFI, ẹ má ṣe mú àròpín ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá láti mọ ògiri tí òjò ń gbá jù. Wákàtí tí òjò rọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ yọ jáde, kẹ́ ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá ní wákàtí wọ̀nyẹn.

oníṣẹ́_AC

Ìbéèrè mi kúrú. Kí ni wọ́n máa ń fi AC yàrá kẹrin sí? Kí ni ìwọ fi sí nínú kọ̀ǹpútà?

ọmọ_Ìkòròdú

24 ni mo fi sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àlejò tó bá ti sanwó, 18 ló ń fi sí, àwọn kan 16, wọ́n á tún bo dùfẹ́ẹ̀tì mọ́ra.

oníṣẹ́_AC

Mo mọ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń tún AC ṣe, mi ò tíì bá 24 lórí rìmóòtù òtẹ́ẹ̀lì rí. A jẹ́ pé bíìlì tó bá tìẹ mu yẹn, orí ló bá ọ ṣe é: wọ́n ń lo 18, àmọ́ wọ́n ń mú iná lọ, ìwọ ń lo 24 láìsí pé iná lọ rárá. Àṣìṣe méjì pa ara wọn jẹ.

ọmọ_Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Náílọ́ọ̀nù ti sọ̀rọ̀. Mo lẹ méjì. Èyí tó wà ní gbangba ògiri sítọ́ọ̀, kò sí omi níwájú, kò sí lẹ́yìn. Èyí tí mo lẹ̀ tí mo sì kó páálí padà sí iwájú rẹ̀, iwájú náílọ́ọ̀nù rin, omi ń ṣẹ́ lójú rẹ̀ bí ara ìgò ohun mímu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ táútáú. Bàbá bíríkìlà, mo dọ̀bálẹ̀.

Mo tún yá ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin, mo fi sí sítọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan bíi 28°C àti 82% ló máa ń wà. Yàrá kẹrin wà ní 18.

ìyá_dátà

Ó ti délé. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀, ìwé àti bírò ti tó.

28°C pẹ̀lú 82%, dew point rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 24.6°C. Wá lọ wo kọ́lọ́ọ̀mù H nínú fáìlì rẹ ní oṣù kẹfà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé láàárín 23 àti 25 ni wàá rí, tọ̀sán tòru. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń wọ sítọ́ọ̀ láti ojú fèrèsé, kò sí ẹni tó yọ omi inú rẹ̀. Fáìlì rẹ ò parọ́ níbẹ̀.

Wá wo ògiri. Ìhà kan rẹ̀ 18, ìhà kejì 28. Mo gba agbára búlọ́ọ̀kù rẹ láti dá ooru dúró sí bíi 0.25, tí ìpele afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìhà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.13. Ojú ògiri níhà sítọ́ọ̀ á wà ní bíi 25.4°C. Ó ga ju 24.6 lọ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí náílọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tó lẹ̀ mọ́ ojú ògiri yẹn ti di 95%. Nǹkan dúdú yẹn ò nílò omi tó ń ṣàn, bó bá ti ju 80% lọ tó sì pẹ́ níbẹ̀, ó ti rí ilé gbé.

Ní báyìí, kó páálí jọ síwájú ògiri. Páálí ń ṣe bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì: ooru sítọ́ọ̀ ò lè dé ara ògiri mọ́, òtútù yàrá kẹrin ló wá jọba. Bí mo bá gbé 0.13 ìhà yẹn lọ sí 0.5, ojú ògiri á já sí 22.3°C. Ó ti wà lábẹ́ 24.6. Ìrì á sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín páálí kọjá, àmọ́ ooru ò tó.

Ìbéèrè mi tó kù: báwo lo ṣe fi ògiri yẹn sínú EnergyPlus?

ọmọ_Ìkòròdú

…Adiabatic ni mo fi ṣe.

ìyá_dátà

Mo mọ̀. O sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí yàrá kẹrin ṣe rí náà ni ẹ̀yìn ògiri ṣe rí, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Sítọ́ọ̀ ò sí nínú ilé tó o kọ́ fún un. Báwo ló ṣe fẹ́ hùkasì?

olùkọ́_físíìsì

Àǹtí ti parí ti sítọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti dátà torí àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ọ̀la. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú iṣẹ́ yìí, ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣubú.

Fún owó iná, ẹ lọ mú TMYx, ìyẹn fáìlì ọdún àpẹẹrẹ, lórí climate.onebuilding.org. Pápákọ̀ òfurufú ni púpọ̀ nínú wọn: kóòdù DNMM ni Ìkẹjà, DNIB ni Ìbàdàn. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sí orúkọ fáìlì, ẹ mú èyí tó tuntun jù, torí ooru 1985 kọ́ là ń sùn nínú rẹ̀ lónìí. PVGIS, ìkànnì àjọ Yúróòpù, náà máa ń fún èèyàn ní EPW fún ojúkòójú ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lórí máàpù, Áfíríkà wà níbẹ̀.

Fún ọ̀rinrin, tẹ́ ẹ bá ń wá òjò àti ọdún púpọ̀ láìná kọ́bọ̀, ERA5 ni, àkójọ ojú ọjọ́ àtẹ̀yìnwá fún gbogbo ayé. ECMWF, àjọ ojú ọjọ́ kan ní Yúróòpù, ló ń ṣe é, wákàtí-wákàtí láti 1940. Àmọ́ ó ní ìwà tirẹ̀. Kelvin ló fi ń sọ ooru, ẹ yọ 273.15. Mítà ló fi ń sọ òjò, kì í ṣe mìlímítà. Joule ni oòrùn rẹ̀, àkójọ wákàtí kan, ẹ fi 3,600 pín in kó tó di watt. Kò ní fún yín ní ìdá ọ̀rinrin, dew point ló máa fún yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣírò ìyókù.

Èyí tó ń pa wọ́n jù ni aago. UTC, aago àgbáyé, ni ERA5 ń lò, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ wá, oòrùn ti yọ ní Ìbàdàn ní agogo márùn-ún ààbọ̀. Mo bi í léèrè bóyá Ìbàdàn ti sún lọ sí Kàmẹ́rúùnù. NASA POWER, ibòmíràn tí wọ́n ti ń mú dátà ojú ọjọ́, ń béèrè lọ́wọ́ yín bóyá UTC lẹ fẹ́ àbí aago oòrùn ti ibẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ láìkà á. Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí kì í tanni: ní Èkó, ní agogo tiwa, nǹkan bí 12:47 ni oòrùn máa ń wà ní góńgó, ó lè yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí oṣù ṣe ń yí. Ẹ ya àwòrán ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́. Tí góńgó rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí agogo méjìlá kù díẹ̀, ẹ ti gbàgbé wákàtí kan.

Ẹ má sì gba ERA5 gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú kan nínú rẹ̀ fẹ̀ tó bíi kìlómítà 31. Ojú tó bọ́ sí Èkó kó ọ̀sà, òkun àti ilẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan. Òjò tó wó gììrì fún ogún ìṣẹ́jú ní Ọ̀jọ́ta, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí òjò winniwinni tó rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Tí iṣẹ́ yín bá lówó nínú, ẹ lọ bá NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, fún ohun tí wọ́n wọ̀n gan-an, kó tiẹ̀ jẹ́ ọdún kan péré, kẹ́ ẹ fi í wo ERA5 lójú.

ará_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó láti Àjàṣẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Fáìlì pápákọ̀ òfurufú Kutọnu, DBBB, ni mo lò fún ilé ìwé kan níbí, tó jẹ́ pé fèrèsé nìkan ni yóò máa tu àwọn ọmọ lára. Ìṣirò ní atẹ́gùn máa pọ̀. Etí òkun gan-an ni pápákọ̀ yẹn wà, ní pápá gbalasa. Ilé ìwé wà láàárín ilé àti igi. Nígbà tí a kọ́ ọ tán, kọ́tìnì ò mira. Ooru tó wà nínú fáìlì bára mu, afẹ́fẹ́ ni kò bára mu. Látìgbà yẹn, mo máa ń pín afẹ́fẹ́ pápákọ̀ sí méjì kí n tó gbà á gbọ́. Ojú mi ni mo fi ń ṣe é, kì í ṣe ìwé.

adúláwọ̀_tuntun

Ẹ dákun, ṣé mi ò lè lo ti orí fóònù mi?

olùkọ́_físíìsì

Ti fóònù, ọjọ́ mẹ́wàá tó ń bọ̀ ló ń sọ. Ọdún tó ti kọjá ni ògiri ń rántí.

ọmọ_Peckham

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, ẹ gbàgbé ibi tí ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ WUFI rẹ̀ ní oṣù kìíní ní Nàìjíríà, inú ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Dew point ti já wálẹ̀ sí 10 tàbí kó tún rẹlẹ̀ sí i, ètè ń là, ògiri ń gbẹ fúnra rẹ̀, gbogbo nǹkan á dà bí pé ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, nígbà tí àrọ̀kúrò ti rọ̀ tí ògiri ti mu ún yó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣáré ọdún mẹ́ta ó kéré tán, títí ọdún kan á fi jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ilé tuntun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì ṣì wà nínú rẹ̀.

ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ kú sùúrù. Mo ti fi sítọ́ọ̀ sínú ilé, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta máa wọ ibẹ̀, mo fi AC sí 18, mo sì kọ́ wákàtí tí iná ń lọ síbẹ̀ láti inú ìwé tí gétímánù ń kọ tó bá ti tan jẹnẹrétọ̀. HAMT ti wá ń pariwo: níhà sítọ́ọ̀ ògiri yẹn, àròpín oṣù kẹfà ju 90% lọ. Fáìlì kan náà ni o. Mi ò pààrọ̀ ìlà kan nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù: mo fẹ́ sọ fún onílé pé kó fi AC sí 24, kó kó páálí kúrò lára ògiri. Ṣé ó parí nìyẹn? Àbí kí n lẹ fóòmù?

ìyá_dátà

Ṣírò rẹ̀ kó o tó sọ. AC ní 24, páálí ṣì wà níbẹ̀: ẹ̀yìn páálí á di 25.7°C, bíi 94%. Ìrì ò ní sẹ̀ mọ́, àmọ́ ohun tó ń hù á ṣì máa hù. Gbé páálí kúrò: 27°C, bíi 87%. Lẹ fóòmù tó nípọn síhà sítọ́ọ̀, kí àlàfo má sí lẹ́yìn rẹ̀: ojú rẹ̀ á sún mọ́ 28, ọ̀rinrin á padà sí 82% tí afẹ́fẹ́ gbé wọlé. Ṣó o rí i? Bó o ti wù kó o ṣe ògiri lóge tó, afẹ́fẹ́ òde fúnra rẹ̀ ti wà lẹ́nu ààlà 80% yẹn. Afẹ́fẹ́ sítọ́ọ̀ lo máa gbẹ. Ẹ ti fèrèsé ibẹ̀ pa, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ síbẹ̀ láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá, tàbí kẹ́ ẹ kó aṣọ lọ sí yàrá mìíràn.

oníṣẹ́_AC

Kí wọ́n má sì ṣí fèrèsé "kí afẹ́fẹ́ lè wọlé" o. Gbogbo onílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ń rùn, wọ́n á ṣí i. Nínú oṣù kẹfà, omi ni wọ́n ń bù wọlé.

ọmọ_Ìkòròdú

Ó ti ra ẹ̀rọ náà. Wọ́n fọ ògiri, wọ́n gbé pákó sẹ́yìn páálí kó má kan ògiri mọ́, wọ́n ti fèrèsé. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá ló ya fọ́tò àárọ̀ ọjọ́ kejì fún mi: lítà mẹ́ta omi nínú garawa ẹ̀rọ, ó mọ́ lóló. Onílé tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó ní kì í ṣe omi báluwẹ̀.

bíríkìlà_àgbà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Táìlì méjì tí wọ́n fọ́ ń kọ́? Ta ló máa san án?